Dọ́là Tó Ya Létí

Kapambwe kò tíì kúrò níwájú ẹ̀rọ tó ń pọ owó tó fi rí i pé ọ̀kan nínú bébà ọgọ́rùn-ún dọ́là méjì tó gbà ti ya létí. Yíya náà kò ju hóró ìrẹsì lọ. Níbòmíràn, ta ni yóò wo irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì? Ṣùgbọ́n Lubumbashi nibí yìí. Faranki, owó ilẹ̀ Kóńgò, lè gbó kó dà bí àkísà, kó máa rùn bí ẹja, ọjà yóò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Dọ́là ni kò gbọdọ̀ lábùkù. Bó bá ti ya báyìí, ó ti kú nìyẹn.

Ó pe ẹ̀ṣọ́ tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà báǹkì. "Bàbá Mukalay, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo ohun tí ẹ̀rọ yín fún mi."

Bàbá náà wo owó, ó wo ojú obìnrin náà, ó sì yíjú sí títì. "Tíṣà, ilẹ̀kùn ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́. Wọn ò ní kí n ṣọ́ owó."

Ọmọ Zambia ni Kapambwe, ará Mufulira. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ Lubumbashi ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé aládàáni kan, ilé ìwé náà ló sì fi dandan lé e pé báǹkì yìí ni gbogbo tíṣà yóò ti máa gba owó oṣù. Ìgbà yẹn ni ìyà dé. Lónìí, ẹ̀rọ á ní dọ́là tán, àfi faranki. Lọ́la, á ní owó tó fẹ́ gbà ti pọ̀ jù. Bó bá sì wá fún un, á ti yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀ kí Kapambwe tó fojú kan èyí tó kù. Gbogbo rẹ̀ ló ń gbé mì. Àlejò kì í pariwo nílé onílé.

Ṣùgbọ́n owó tòní yàtọ̀. Bàbá rẹ̀, tó lo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ nínú kòtò ìwakùsà, kò ríran mọ́. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti funfun bí omi ìrẹsì. Àwọn dókítà ojú tó máa ń wá sí ìlú wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ti dé. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń lọ, ọjọ́ Ajé sì nìyí. Wọ́n ti gba orúkọ bàbá sílẹ̀, owó gíláàsì tí wọ́n fẹ́ fi sínú ojú rẹ̀ ló kù. Bílẹ̀ bá mọ́, Kapambwe gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí Kasumbalesa, kó sọdá ẹnubodè, kó pààrọ̀ dọ́là sí kwacha, owó ilẹ̀ Zambia, kó sì forí lé ilé.

Ó wọ inú báǹkì. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Kazadi ló wà lójú fèrèsé, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó funfun gbòò. Kapambwe na owó sí i, ó ṣàlàyé.

"Màmá," ni Kazadi wí, láìfọwọ́ kan owó náà, "ẹ̀rọ wa kì í pọ owó tó ya."

"Ó pọ ọ́. Ní ìsinsìnyí ni. Ẹnu ọ̀nà yín yìí náà ni."

"Ta ló rí yín?"

"Èmi ni mo rí ara mi."

Kazadi rẹ́rìn-ín. "Ẹjọ́ dídùn! Ẹ̀yin lolùpẹ̀jọ́, ẹ̀yin lẹlẹ́rìí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ya nínú báàgì yín ni. Dọ́là kì í ṣe kwacha, Màmá. Ọwọ́ jẹ́jẹ́ ló fẹ́."

Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wọ Kapambwe lára ju ọ̀rọ̀ náà lọ.

"Kò burú. Ẹ gbà á padà, kẹ́ ẹ fún mi ní faranki."

"A kì í gba dọ́là tó ya. Òfin ni."

"Ẹ lè fún mi, ẹ ò wá lè gbà á?"

Kazadi ti ń wo ẹni tó wà lẹ́yìn Kapambwe. "Ẹni tó kàn!"

Ní òdìkejì títì, lábẹ́ agboòrùn pupa kan, ni Màmá Ngalula máa ń jókòó sí, òun àti tábìlì kékeré tó to ìdì faranki sí bíi bíríkì. Òun ló ti ń bá Kapambwe pààrọ̀ owó láti ọjọ́ tó ti dé ìlú náà, òun náà ló sì bá a wá ilé. Ó gbé dọ́là náà sókè sí oòrùn, ó fi èékánná tọ́ etí rẹ̀.

"Tíṣà, aláìsàn lèyí o."

"Ẹ bá mi wò ó sàn."

"Ọgọ́rin ni màá fún ẹ. Torí pé ìwọ ni o. Àádọ́rin ni fún ẹlòmíì."

"Ẹ̀yin náà, Màmá? Ogún dọ́là, nítorí ihò tí eèrà ò lè gbà kọjá?"

"Ṣé èmi ni mo ya á ni? Ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ mi, márùn-ún péré ló ń lé e fún mi."

Kapambwe sún mọ́ tábìlì. "Ta ló ń ra owó tí báǹkì gan-an ò gbà?"

"Oníbàárà ni."

"Kí ló ń fi ṣe?"

Ngalula bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn faranki tó ti tò tẹ́lẹ̀. "Gba ọgọ́rin, kó o máa lọ wo bàbá ẹ." Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì lọ, ó bà sára géètì kékeré ẹ̀gbẹ́ báǹkì, èyí tí Kazadi àti àwọn òṣìṣẹ́ yòókù máa ń gbà wọlé. Kíá ló gbé e kúrò níbẹ̀. Kapambwe ti rí i.

"Kazadi ni."

Ngalula wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ọmọ mẹ́fà ni mò ń bọ́ nídìí tábìlì yìí. Tó o bá dárúkọ mi, mi ò mọ̀ ẹ́ rí."

Gbogbo rẹ̀ wá yé Kapambwe. Ọmọkùnrin yẹn ń ra òkú owó ní iye tí kò pé, ó ń kó o sínú ẹ̀rọ, ó sì ń mú èyí tó dára níbẹ̀ fún ara rẹ̀. Ẹni tí òkú náà bá bọ́ sí lọ́wọ́, Kazadi kan náà ni yóò bú u lójú fèrèsé títí yóò fi sọdá títì wá tà á fún Ngalula. Ìbínú tó gun orí Kapambwe kò jẹ́ kó rí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Fèrè ọkọ̀ ló lé e kúrò lójú títì.

Kò wọ inú báǹkì mọ́. Ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. Ẹni àkọ́kọ́ tó wá gbowó jẹ́ awakọ̀ akẹ́rù kan, ọkùnrin fìrìgbọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì kó o sápò. Ẹ tẹ́ ẹ wò níwájú bàbá yìí."

"Kí ló dé? Ṣé olè ni ẹ́?"

"Olè wà nínú ilé. Èmi wà níta."

Awakọ̀ náà wo owó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó ya. Ó pòṣé, ó lọ ra ìrèké lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á ládùúgbò. Kapambwe kò yẹ̀. Bó ṣe ń bẹ ẹni tó ń bọ̀ ló ń bẹ ẹni tó tẹ̀ lé e, àwọn kan dá a lóhùn, àwọn kan bú u.

"Tíṣà, ẹ máa lọ," ni Bàbá Mukalay wí. "Ẹ̀ ń ṣèdíwọ́."

"Ṣé ẹ ti wá ń ṣọ́ títì náà ni?"

Oòrùn ti dé àtàrí nígbà tí obìnrin kan tó ń ta aṣọ nínú ọjà gbowó tirẹ̀, tó tẹ́ ẹ níwájú ẹ̀ṣọ́, tó sì figbe ta. Méjì ló ya. Ariwo rẹ̀ ló kó èrò jọ. Awakọ̀ náà padà dé pẹ̀lú ìrèké lọ́wọ́. Ẹlòmíràn yọ tirẹ̀ tó ti gbà lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí gbogbo ọjà ti kọ̀. Wọ́n ń gbá ilẹ̀kùn dígí pátípátí títí ọ̀gá báǹkì, Tshibanda, fi jáde, ó ń nu òógùn.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká wọlé sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́tù."

"Níta lẹ ti fún mi," ni Kapambwe wí. "Níta lẹ ó ti gbà á. Tèmi, tobìnrin yìí, àti ti gbogbo wọn."

"Kí ló fi hàn pé ẹ̀rọ wa..."

"Ọ̀gá, mo rí i," ni Bàbá Mukalay wí láti orí àpótí rẹ̀. Ó dìde. "Ti Tíṣà, ti ìyàwó yìí. Níwájú mi ni wọ́n ṣe jáde."

Tshibanda wò ó bí ẹni pé àga ló sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé owó tuntun jáde, tí wọ́n sì pààrọ̀ ti olúkúlùkù fún un. Kapambwe gba tirẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú-lẹ́yìn, kò sì lọ.

"Ó ku ọ̀kan. Ẹ bi Kazadi léèrè ibi tó ti ń ra dọ́là tó ya."

Kazadi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ rọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò rọ. "Irọ́ ni! Ta ló sọ fún ẹ? Dárúkọ ẹ̀! Pè é wá!"

Gbogbo ojú yí sí Kapambwe. Ó wo òdìkejì títì. Ngalula ti fa agboòrùn pupa náà wálẹ̀ bo ojú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló sì gbé lé orí faranki. Orúkọ náà ti dé ẹnu Kapambwe. Ó la ẹnu. Ó pa á dé.

"Ẹ rí i," ni Tshibanda wí, "ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni."

Kapambwe yí sí àwọn èrò. Wọ́n ti ń tú ká. Owó tuntun ti wà lápò wọn, kí ló kù? Awakọ̀ náà tu háhá ìrèké sílẹ̀. "Ìyàwó, ṣebí owó tìẹ ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́? Máa lọlé." Kapambwe bínú sí Kazadi, sí Ngalula, sí awakọ̀, àti sí ẹnu tirẹ̀ náà tó pa dé.

Ó dé Mufulira lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ṣe ojú bàbá, ó sì yọrí sí rere. Bàbá ti ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àwọn nọ́ọ̀sì ṣe yẹ̀yẹ́ kí Kapambwe tó kúrò níbẹ̀. Ayọ̀ ńlá ni. Síbẹ̀, bó ṣe sọdá ẹnubodè padà ni ìbínú rẹ̀ tún padà dé.

Kazadi ṣì wà lójú fèrèsé. Kapambwe lọ bá ọ̀gá ilé ìwé rẹ̀, ó ní láti oṣù yìí lọ, sọ́wọ́ lòun yóò máa gba owó oṣù òun, kì í ṣe ní báǹkì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n wá tíṣà mìíràn. Ọ̀gá kùn títí, ó gbà. Lẹ́yìn náà ni Kapambwe wá sí báǹkì láti gba owó tó kù níbẹ̀, kí wọ́n sì ti àkáǹtì rẹ̀ pa.

"Ẹ ṣì ń bínú ni, Màmá?" ni Kazadi bi í, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Ka owó mi síbẹ̀, kí n rí etí ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Bó ṣe jáde, Ngalula pè é láti abẹ́ agboòrùn. "Tíṣà! Ẹ ṣeun o, tẹ́ ẹ ò dárúkọ mi." Kò pè é ní "ẹ" rí.

Kapambwe dúró lórí títì. "Ẹ má dúpẹ́, Màmá. Ó ń dùn mí pé mi ò dárúkọ yín."

"Ṣé ẹ ò ní wá pààrọ̀ lọ́dọ̀ mi mọ́ ni?"

Kapambwe kọ ẹ̀yìn sí i. Ó rìn lọ bá ọkùnrin kan tó ń pààrọ̀ owó nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀yájú ni, iye tó sì ń dá lé dọ́là kò dára tó ti Ngalula. Kapambwe mọ̀ pé òun ń pàdánù. Ó gba owó náà bẹ́ẹ̀, ó sì tún padà lọ bá a lóṣù kejì.