Ọ̀rọ̀ Tí Onísègùn Ń Dúró Dè

Kan, kan, kan. Òòlù lórí irin ni. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti gbọ́ ọ, ní abúlé kan lójú ọ̀nà Ìgànná, ṣùgbọ́n bí kápẹ́ńtà àdúgbò wa ní Abidjan bá ń kan àga lásán, ọrùn mi á le. Bàbá kékeré mi, Ògúndìran, ni wọ́n ń kàn mọ́ igi lọ́jọ́ náà.

Ogun abẹ́lé ni Ògúndìran lọ tó sì bọ̀. Kó tó lọ, kò sẹ́ni tó ń kọ ebè bíi tirẹ̀ ládùúgbò wa ní Ìgbòho. Á ti fi wá sílẹ̀ lọ níwájú, á máa kọrin fi àwa tó kù lẹ́yìn ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó dé, oorun kò wá mọ́. Ó fún ìyàwó rẹ̀ lọ́rùn lórí ẹní, ó ní ọ̀tá ni. Àwọn àgbà ilé mú un tọ onísègùn lọ. Onísègùn yẹn kì í fọwọ́ kan òòlù títí ẹni tó dàgbà jù nílé aláìsàn yóò fi la ẹnu wí pé, “Kàn án.” Bàbá mi ló wí i. Ó wí i, ó kọjú sí ògiri.

Wọ́n ti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ bọ ihò ìtì igi, wọ́n kan ààbà irin lé e. Èmi ni mò ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Láràárọ̀ ni ọmọṣẹ́ onísègùn, ọkùnrin sígbọnlẹ̀ kan, ń fi pàṣán nà án, ó ní àlùjọ̀nnú lòun ń lé jáde. Awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ya. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹrà lábẹ́ irin, ìdin sì wà níbẹ̀. Ó ní kí n bá òun fi igi ìṣáná kó wọn, mo sì ń kó wọn. “Ṣé ẹ ti gbin ẹ̀wà?” ló máa ń bi mí, bí ẹni pé abẹ́ igi irú la jókòó sí lóko.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, pàṣán bà á lójú. Ògúndìran rọ̀ mọ́ ọkùnrin náà lẹ́sẹ̀, ó fà á lulẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìtì tí ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì jẹ́ kó já lé e láyà. Mo gbọ́ bí egungun ṣe dún. Kí n tó ké, ó tún ti gbé e. Àwọn ará ilé onísègùn gbé ọmọ odó sáré jáde. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú igi kò lè sá. Orí rẹ̀ fọ́ níbi tó jókòó sí. Ayùn la fi gé igi kí a tó lè rí òkú gbé relé.

Mo kúrò ní Ìgbòho kí òjò ọdún kejì tó rọ̀. Mo ta aṣọ ní Abidjan, mo bímọ síbẹ̀, mo darúgbó síbẹ̀. Nígbà míì, òórùn pápá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sun a máa wá sí mi nímú, níbi tí kò sí pápá kankan.

Lọ́sẹ̀ yìí, fóònù mi kún fún ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ láti ilé. Ọ̀rọ̀ Ràsáàkì ni, ọmọ tí àbúrò mi kan tó ti kú fi sílẹ̀. Àwọn agbébọn ká òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ọpẹ́olúwa, mọ́ oko iṣu. Wọ́n dúńbú Ọpẹ́olúwa lójú rẹ̀, wọ́n ní kí òun gbé ẹrù tẹ̀ lé wọn wọ igbó. Nígbà tó rí ọ̀nà sá wálé, tó bá ti gbọ́ ìró ọ̀kadà báyìí, àdá ló ń nawọ́ sí, torí ọ̀kadà làwọn yẹn gùn wá. Rótìmí, ọmọ Ṣùkúrù àbúrò mi, gun tirẹ̀ wọ agboolé. Àdá wọ apá rẹ̀ dé eegun. Wọ́n fi kùmọ̀ na Ràsáàkì títí eyín rẹ̀ fi bọ́, wọ́n sì dè é mọ́ igi máńgòrò.

“Bàbá Àpọ́nlé, ẹ gbọ́ mi dáadáa,” ni Ṣùkúrù wí. “Ẹ̀yin ń jẹ gàrí Faransé lọ́hùn-ún, àwa là ń sá fún àdá. Onísègùn ọ̀nà Ìgànná, ọmọ tó jogún iṣẹ́ ti ìjọ́sí, ti gé igi sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ dàgbà jù nílé wa báyìí, ọ̀rọ̀ ẹnu yín nìkan ló ń dúró dè. Ọ̀rọ̀ kan péré, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ ni?”

Àdìjátù, ìyá Ràsáàkì, náà fi tirẹ̀ ránṣẹ́. “Ọkọ mi, ẹ má dá a lóhùn. Àfáà fọ wàláà, ó fún ọmọ yìí ní hàntú rẹ̀ mu, ó sì sùn díẹ̀. Àfáà fúnra rẹ̀ ló ní ká gbé e lọ sí ọsibítù ní Ṣakí, pé wọ́n ń tọ́jú irú ẹ̀.”

Mo gbọ́ ohùn Ṣùkúrù lẹ́yìn tirẹ̀. “Ìyá Ràsáàkì, dákẹ́ ná. Ṣé apá ọmọ tìẹ ló ń ṣẹ̀jẹ̀?”

“Eyín ọmọ tèmi ńkọ́, ọkọ mi?”

N kò fèsì. Kì í ṣe pé n kò mọ ohun tí mo fẹ́. Bí mo bá ní kí wọ́n má kàn án mọ́ igi, tó bá wá pa ènìyàn, ọrùn mi ni ẹ̀jẹ̀ náà wà, èmi tí n kò sí nílé láti dì í mú. Mo gbé fóònù, mo tún gbé e kalẹ̀.

Láàárọ̀ òní ni Ṣùkúrù tún sọ̀rọ̀. “Bàbá Àpọ́nlé, a ti gbọ́ ìdákẹ́ yín. Nílé wa, àgbà tí kò bá kọ̀, ó ti gbà nìyẹn. A ti gbé e sínú ọkọ̀, ọ̀nà Ìgànná la wà yìí.” Lábẹ́ ohùn rẹ̀, mo gbọ́ Ràsáàkì tó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n jọ̀ọ́ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹnì kan gbá a lẹ́nu.

Mo tẹ fóònù, mo sì sọ̀rọ̀ sí i:

“Ṣùkúrù, èmi ni. Pa ọkọ̀ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. N kò gbà. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀mí bá ń bẹ lẹ́nu mi, a kò ní kan ọmọ ilé wa mọ́ igi. Kí o sọ fún onísègùn pé ẹnu mi lo ti gbọ́ ọ. Ẹ yí orí ọkọ̀ sí Ṣakí. Bí ẹ bá ní láti so ó lọ́wọ́, aṣọ ni kí ẹ fi so ó, kí ìyá rẹ̀ jókòó tì í. Kí àfáà máa yà wò ó, oògùn dókítà kò ní bá àdúrà jà. Bó bá ń sọ bí wọ́n ṣe pa Ọpẹ́olúwa, ẹ má pa á lẹ́nu mọ́, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Bó bá sì ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, èmi ni kí ẹ wá bi. Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ, apá ọmọ rẹ kì í ṣe ẹ̀ka igi. Gbé Rótìmí náà sínú ọkọ̀. Apá yẹn ń fẹ́ dókítà. Kó jókòó síwájú.”