Kíndìnrín Mi Lórí Páànù

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó tì mí, àyà mi ṣì ń já. Mo rí ara mi nílé ọkọ mi, egbò hẹ́pìsì bo ètè mi, oògùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé kí n máa mu omi púpọ̀ sí i, kí oògùn náà má baà ba kíndìnrín mi jẹ́. Mo bẹ ọkọ mi pé kó bu omi fún mi. Ó ní, "Ìwọ tó kó àrùn wọlé, ife wo lo fẹ́ fẹnu kàn nínú ilé yìí?" Ó bu omi, ó mu ún níwájú mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé oògùn náà mì láìsí omi.

Bí mo ṣe gbójú sókè, ìyá ọkọ mi ló wà lórí òrùlé, tí wọ́n ń sá kíndìnrín mi méjèèjì sórí páànù bí ẹni ń sá ilá, tí wọ́n ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún kí oòrùn lè pa á dáadáa. Ó ti súnkì, ó ti dúdú.

Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ́n omi sí i."

Wọ́n ní, "Ta ní ń wọ́n omi sí orúnla?"

Wọ́n ju ọ̀kan sí ọkọ mi. Ó gé e jẹ, ó ń dún kàrà lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní, "Màámi, ó kù díẹ̀ kó gbẹ."

Ibẹ̀ ni mo ta jí.