Èèkàn Pupa Níwájú Òkun

Ẹ wo èèkàn pupa yẹn nínú oòrùn àárọ̀! Igi lásán ni, àmọ́ gbogbo ará Òkè-Ìgbàlà ló tẹjú mọ́ ọn. Gbì, ni òòlù ń dún lórí rẹ̀. Gbì! Kì, kì, kì, ni àyà Mórádéùn, obìnrin ẹlẹ́ja kan láàrin wọn, náà ń lù.

Èèkàn yìí ni ààlà. Láti ìdí rẹ̀ títí dé etí òkun, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́lé mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀, lápá òkè, ni wọ́n ti pín ilẹ̀ fún agbolé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ́lé sórí òpó gíga. Ilé méjì ni òkun ti gbé mì lọ́wọ́ Mórádéùn. Ìkẹta ti ń mì tìtì. Ó ní òun ò ní kọ́ ìkẹrin fún òkun jẹ, láéláé!

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn awọnlẹ̀ kọ́kọ́ wá, nígbà tí òkun sùn jìnnà bí ọmọ tó yó. Wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n fa ìlà sórí ìwé. Ibi tí ìlà ọ̀hún bọ́ sí ńkọ́? Ibi tí Mórádéùn ti ń fi agbọ̀n gbọ́n ẹja tí òjò bá dé tí òkun sì gòkè ni. Ẹ gbà mí o!

Ni obìnrin yìí bá yọ òpó ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Lọ́dọọdún, ibi tí omi bá ga dé lára òpó yẹn, ó ń fi ọ̀bẹ gé àmì síbẹ̀. Ọdún méje, àmì méje. Ìkeje ti dé àyà rẹ̀. Ó ru òpó wọ ìpàdé ará ìlú àti àwọn awọnlẹ̀, ó gbé e lé ìwé tí wọ́n fa ìlà sí lórí. Ìyá Olópòó ni wọ́n ń pè é láti ọjọ́ náà.

Wọ́n tún ilẹ̀ wọ̀n. Èèkàn wá ń gòkè, ó ń gòkè, ó kọjá àwọn igi àgbọn, ó kọjá kànga, ó ń gòkè. Òun rèé níbi tí omi ò dé rí. Gbì! Ó wọlẹ̀, ó dúró gbọin.

Mórádéùn fò sókè, ìró fẹ́ẹ̀ẹ́ tú lára rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́, inú rẹ̀ dùn kọjá sísọ. Ó sáré lọ sórí ilẹ̀ tirẹ̀, lẹ́yìn èèkàn. Òpó tuntun ti wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ń dán. Ó fọwọ́ pa á látòkè délẹ̀, kò sí àmì kankan lára rẹ̀.

Ọ̀bẹ wà ní ìbàdí rẹ̀. Kò fà á yọ. Ẹja ni yóò máa fi ha láti òní lọ.

Ó gbé òpó nàró, ó ní kí wọ́n mú òòlù wá. Gbì!