Agogo Tó Pẹ́ Kó Tó Dún

Láti àárọ̀ ni ìdí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò ti gbélẹ̀. Èmi ni mo máa ń gbá tésàn rélùwéè wa, àmọ́ ibi tí mo bá ti gbá tán ni òun tún ń gbá. Ó nu agogo, ó kúrò níbẹ̀, ó tún padà wá nù ún. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó jókòó, pé òòyì ti ń kọ́ mi. Kò tilẹ̀ gbọ́.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tó bí, ló ń bọ̀. Látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ló ti bínú kúrò nílé. Èmi ló pè lórí fóònù pé òun yóò wọ ọkọ̀ Ọjọ́bọ̀, ṣùgbọ́n bí bàbá òun kò bá wá pàdé òun, ọkọ̀ náà lòun máa bá padà.

Ọ̀dọ̀ wa ni ojú irin pin sí. Iwájú wa, koríko ni. Bí ọkọ̀ bá dé, wọn á tú ẹ́ńjìnnì, yóò gba irin ẹ̀gbẹ́ kan yí lọ sẹ́yìn, ìdí ọkọ̀ á wá di orí. Bí wọ́n bá so ó tán, awakọ̀ á fọn fèrè, ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ ọ̀gá tésàn á lu agogo, ọkọ̀ á gbéra. Kò dá agogo yẹn dúró fún ẹnikẹ́ni rí. Ọjọ́ tí àìsàn dá ìyàwó rẹ̀ gúnlẹ̀, ọmọlanke la fi ń tì í bọ̀ láti ilé kó lè rí ọkọ̀ wọ̀ dé ọsibítù. Ọmọ yìí ń sáré níwájú wa, ó ń kígbe pé kí wọ́n dúró. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ igbe náà, ó sì lu agogo. Ó ní iṣẹ́ ò gbọdọ̀ mọ ẹbí. Ìyàwó rẹ̀ ti kú kí ọkọ̀ mìíràn tó dé. Inú bí mi nígbà yẹn, inú ṣì ń bí mi.

Ọkọ̀ dé. Èrò sọ̀ kalẹ̀ sórí pèpéle, a ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ wa kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wọ inú bọ́gì lọ, ó ń bẹ abẹ́ àga wò, bí ẹni pé àgbà obìnrin máa ń sá pamọ́ sábẹ́ àga. Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, ǹ bá fi ṣẹ̀fẹ̀.

Wọ́n so ẹ́ńjìnnì tán. Fèrè dún. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọ̀pá agogo sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Fèrè tún dún. Àwọn èrò ń yọrí lójú fèrèsé, wọ́n ń ráhùn. Awakọ̀ fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá béèrè pé ṣé kò sí nǹkan. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù díẹ̀ sí i. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo tún rántí ọmọlanke, àánú náà sì kúrò.

Nígbà tó yá, a gbà pé kò ní wá mọ́. Ó lu agogo.

Bí bọ́gì tó kẹ́yìn ti kọjá, a rí i nínú koríko ní òdìkejì irin, àpò lọ́wọ́. A ti gbàgbé. Láti kékeré ni bàbá rẹ̀ ti máa ń lé e kúrò lórí pèpéle, pé ti èrò tó sanwó ni, inú koríko lọmọ tésàn ń gbà. Ẹnu ọ̀nà òdìkejì náà ló gbà sọ̀ kalẹ̀, bí a ṣe kọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sórí irin, ó na ọwọ́ méjèèjì.

“Ọmọ mi, mo dúró dè ọ́. Torí tìẹ ni mo ṣe dá agogo dúró.”

“Mo mọ̀. Mo ti di ilẹ̀kùn mú kí n wọkọ̀ padà. Fèrè dún, agogo ò dún, ni mo bá fi ilẹ̀kùn sílẹ̀.” Ó wo ọ̀pá irin tó wà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. “Bàbá, àṣé ẹ lè dá a dúró.”

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi wálẹ̀. Ọkọ̀ mìíràn ò sí, àfi Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Mo gba àpò lọ́wọ́ ọmọ wa, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gba inú koríko lọ sílé.