Àgbá Kẹrin

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Olóríkunkun ti pọn bíà, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì tẹ́ bí omi ìfọwọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, onígáàsì ìdáná, ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn láti kékeré. Èèyàn dáadáa ni ẹ̀gbọ́n yìí o, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Yàrá ẹ̀yìnkùlé tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀: ibẹ̀ ni àbúrò ti ń pọn bíà, ibẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n fẹ́ máa kó sílíńdà ọjà rẹ̀ sí.

“Tí ìkẹrin yìí ò bá hó di Sọ́ńdè,” ni ẹ̀gbọ́n wí, “kó ẹrù ẹ jáde.”

Olóríkunkun ti da bíà sínú àgbá irin, ó ti gbé e sínú fíríìjì, ó sì ti fi rọ́bà so ó mọ́ sílíńdà gáàsì tó máa ń mú un hó. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni gáàsì náà fi ń wọ bíà tútù lára. Àwọn kan a tú gáàsì púpọ̀ lé bíà lórí, wọn a máa gbọn àgbá jìgìjìgì kó lè yá. Òun kọ̀. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ó ti fi ọṣẹ híhó pa gbogbo ojú ìsorọ́bà, kò síbi tó ń jò. Kí ló wá ń pa bíà ọ̀hún?

Lọ́jọ́rú, ó ń nulẹ̀ lẹ́yìn fíríìjì nígbà tí ẹ̀gbọ́n wọlé wá mú sípánà bó ṣe máa ń ṣe. Bó ṣe ń jáde lọ, ọwọ́ rẹ̀ kan orí sílíńdà, ó yí i pa, kò tilẹ̀ wò ó. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń ti gáàsì kí ilé má baà jó. Bẹ́ẹ̀, gáàsì bíà kì í jó rárá! Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ó sáré tẹ̀ lé e. “Bọ̀dá mi! Ẹ̀yin lẹ ń pa bíà mi!”

“Èmi kẹ̀? Mi ò fọwọ́ kàn án.”

“Ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin lẹ ò mọ̀! Ẹ wá wò ó!”

Ó wò ó. Ojú tì í, àmọ́ àgbà ò fẹ́ tẹ́. “Tóò. Sọ́ńdè ni mo ṣáà sọ.”

Inú bí Olóríkunkun débi pé ó fẹ́ sunkún. Kò sun ún. Ó ṣí gáàsì padà, ó sì ti ilẹ̀kùn pa.

Ní Sọ́ńdè, ẹ̀gbọ́n kó alábàárù méjì àti sílíńdà méjìlá dé. Ó bá àbúrò rẹ̀ tó gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, tó jókòó lé e.

“Ọjọ́ kẹrin rèé tí ẹnikẹ́ni ò ti gáàsì pa,” ni àbúrò wí. “Ó ku márùn-ún.”

“Jẹ́ ká tọ́ ọ wò.”

Ó bu ife kan fún un. Bíà náà hó díẹ̀, ó sì rọlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mu ún, ó lá ètè, ó wo ojú àbúrò rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun ló jẹ̀bi.

“Ó ti ń ta ahọ́n díẹ̀,” ló wí jẹ́jẹ́. “Ó ti tó. Máa lo yàrá ẹ.”

Àwọn alábàárù ti ń gbẹ́rù padà. Ẹlòmíì ì bá kúnlẹ̀ dúpẹ́. Olóríkunkun gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó da ìyókù sí gọ́tà.

“Kò tíì tó, bọ̀dá mi. Ẹ má ṣàánú mi. Ẹ padà wá ní Fúráìdè. Bíà tó ń ta ahọ́n díẹ̀ kọ́ ni mò ń pọn.”