Ọmọ Magdalene ní Ìyàrà

Òórùn ló tú àṣírí náà. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, ọyẹ́ ń fẹ́, lọ́dún tí náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Naomi ká ẹní Adétutù nílẹ̀ kí ó lè sá a sóòrùn, ló bá rí àkàrà tó ti bu àti ẹran tí ìdin ti bò. Àṣé kì í ṣe ológbò ló ń jẹ ẹran inú ìkòkò rẹ̀!

"Adétutù! Kí ni mo fi dù ọ́ nínú ilé yìí tí o fi ń jalè?"

Naomi ti gbá ọmọ ọdún méje náà létí kí ó tó mọ ohun tí ọwọ́ òun ṣe.

Ọmọ àbúrò ọkọ rẹ̀ ni. Magdalene, àbúrò náà tó jẹ́ ìyá rẹ̀, kú sórí ìkúnlẹ̀ ọmọ kejì, tòun tọmọ, ní Òkè-Bùkún, bàbá rẹ̀ sì ti lọ sí Kàdúná, kò bojú wẹ̀yìn. Naomi, tí kò bímọ rí, ni wọ́n gbé ọmọ náà fún. Ṣùgbọ́n Agatha, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, kìlọ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún ọmọ náà pé ìyá rẹ̀ ti kú. Ọsibítù Kàbà ni kí wọ́n máa ní ó wà. Ẹni tó bá sọ ọ́, wọn yóò gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Naomi fi ti ẹ̀yìnkùlé dé, Adétutù kò sí nílé mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹran náà kò sí nílẹ̀.

Ó sáré bọ́ sí ọ̀nà Kàbà. Gèlè rẹ̀ já bọ́, kò dúró mú un. Ó pàdé obìnrin kan tó ru igi.

"Okun o, ìyá," ó kí i bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nílùú Ìyàrà. "Ẹ bá mi rí ọmọdébìnrin kan?"

Obìnrin náà nawọ́ sí iwájú, níbi tí iná igbó ti ń jó bọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Naomi wọ inú èéfín náà, ó ń pe orúkọ ọmọ títí ohùn rẹ̀ fi ha. Orí afárá kékeré kan ló ti rí i, ó di ewé tó fi wé ẹran náà mọ́ àyà.

"Mo ti ṣa ìdin rẹ̀ kúrò," ni Adétutù wí. "Màmi ni mo ń gbé e lọ fún. Ebi á máa pa wọ́n ní ọsibítù."

Naomi kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ Agatha ń dún létí rẹ̀.

"Màmá rẹ kò sí ní ọsibítù, ọmọ mi. Wọ́n ti kú."

"Irọ́ ni!"

Ọmọ náà bù ú lọ́wọ́ jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Naomi kò jù ú sílẹ̀. Ó gbé e tìpá-tìkúùkù kúrò níwájú iná.

Nígbà tí Jethro, ọkọ rẹ̀, gbọ́, ó gbaná jẹ. "Ta ló rán ọ níṣẹ́? Wọn á gbà á lọ́wọ́ wa!"

"Kí wọ́n tó gbà á, yóò rí ibojì ìyá rẹ̀. Bí ẹ ò bá ní bá wa lọ, àwa méjèèjì á lọ."

Ilẹ̀ mọ́, Jethro bá wọn wọkọ̀. Ní Òkè-Bùkún, Adétutù dúró ti òkìtì ibojì náà, kò sunkún.

"Ṣé wọ́n jẹun kí wọ́n tó kú?"

Jethro ló dáhùn: "Wọ́n mu ẹ̀kọ díẹ̀. Ọwọ́ mi ni wọ́n ti mu ún." Ni ọkùnrin tí Naomi kò rí omijé rẹ̀ rí bá bú sẹ́kún. Ìgbà náà ni ọmọ náà tó sunkún tirẹ̀.

Agatha ti jókòó dè wọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí wọ́n dé, ojú rẹ̀ le koko. Naomi di ọmọ náà mú. Jethro ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, a ti sọ fún un. Ẹ̀bi mi ni. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò ní kúrò nílé yìí."