Ètò Kékeré Tó Ń Ka Òkun

Pupa ni ojú kọ̀ǹpútà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, àmì pé àṣìṣe wà. Obìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ káwọ́ lérí, ó tún tẹ bọ́tìnnì, pupa náà ló tún yọ. Ìyá rẹ̀ tó ń ká aṣọ lórí àga lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀.

"Ṣé ó tún ti dé?"

"Ó tún ti dé, Mọ́mì. Wọ́n tún ti yí èdè yìí padà."

Èdè kọ̀ǹpútà ló ń wí. Ó ti pẹ́ tó ti fi èdè náà kọ ètò kékeré kan tó ń ka àkọsílẹ̀. Fún un ní ìlà gbọọrọ tó kún fún orúkọ àti nọ́ńbà, á yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á sì fi wọ́n lé àwọn ètò mìíràn lọ́wọ́. Ó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹni tó bá wù mú un. Ṣùgbọ́n èdè náà kì í dúró lójú kan. Bí ẹ̀dà tuntun bá ti jáde báyìí, ohun tó tọ́ lánàá á di àṣìṣe, òun náà ni yóò sì jókòó tún un ṣe. Ó ti sú u. Láàárọ̀ yẹn, ó ti pinnu láti kéde pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò máa tún un ṣe.

Fóònù dún. Obìnrin kan tí kò mọ̀ rí ló ń sọ̀rọ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ètò tó ń ka àkọsílẹ̀ yẹn? Etí òkun ni mo ti ń pè yín. Àbùùbùtán là ń ṣọ́ níbí."

"Àbùùbùtán kẹ̀?"

Obìnrin etí òkun náà ṣàlàyé. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tó léfòó lójú òkun, tó ń tẹ́tí sí igbe ẹja ràbàtà náà. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ, wọ́n á fi ìlà kan ránṣẹ́, ètò náà á kà á, àwọn ọkọ̀ ojú omi á sì mọ ibi tó yẹ kí wọ́n ti dín eré kù, kí wọ́n má baà kọlù ú. Láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà wọn ti gba ẹ̀dà tuntun èdè náà, ètò náà kò ka nǹkan kan mọ́. Àbùùbùtán kan àti ọmọ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, ọkọ̀ ńlá kan sì ń bọ̀.

"A ti pe ọ̀gá ọkọ̀ náà," ó ní, "àmọ́ ó ń bi wá pé níbo ni wọ́n wà. À ń gbọ́ igbe wọn, àmọ́ a ò mọ ẹ̀rọ tó ti ń wá."

Ẹni tó kọ ètò náà ní kí wọ́n fi ìlà kan ránṣẹ́ sí òun. Ojú ẹsẹ̀ ló rí ohun tó bàjẹ́. Àwọn apẹja ló sọ àwọn ẹ̀rọ náà lórúkọ ní èdè tiwọn, àwọn lẹ́tà orúkọ náà sì ní àmì lórí, wọ́n ní àmì nídìí. Tẹ́lẹ̀, èdè kọ̀ǹpútà náà máa ń méfò irú lẹ́tà tó jẹ́. Ní báyìí, kò méfò mọ́. Àfi kí wọ́n sọ fún un. Ètò náà kan lẹ́tà àkọ́kọ́ tó ní àmì, ó sì dúró gbagidi.

Ó tún un ṣe. Ibòmíràn tún bàjẹ́. Ó tún ìyẹn náà ṣe. Ìyá rẹ̀ kò ká aṣọ mọ́. Nígbà tí gbogbo pupa ojú kọ̀ǹpútà náà di àwọ̀ ewé, ó fi ètò náà ránṣẹ́, ó sì gbé fóònù létí.

"Ó ń kà!" ni obìnrin etí òkun náà pariwo. Ó pe ọ̀gá ọkọ̀ náà, ó sì padà sórí fóònù. "Ọkọ̀ náà ti dín eré kù. Ó ti ń yà fún wọn. Ẹ dúró ná, ẹ gbọ́ wọn."

Ohùn kan jáde láti inú fóònù náà, ó rinlẹ̀, ó fà gùn, ó gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi gba gbogbo yàrá. Lẹ́yìn náà, ohùn kékeré kan dáhùn.

"Ta ló ń ké yẹn?" ni ìyá rẹ̀ béèrè.

"Ẹja ni, Mọ́mì. Ìyá àti ọmọ."

Ìyá rẹ̀ tẹ́tí sí i. "Ó ń pè é ni," ó ní. "Ọmọ náà sì ń dá a lóhùn."

Obìnrin tó kọ ètò náà kò dé etí òkun rí láyé rẹ̀. Ó wo ìlà kóòdù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, ìlà kúkúrú kan báyìí. Ìkéde tó fẹ́ ṣe láàárọ̀ kò sí lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Kí ni nǹkan mìíràn tí ètò náà tún ń kà lọ́wọ́, níbi tí òun kò ní dé láé? Ohùn ńlá náà tún bẹ̀rẹ̀. Ó fa àga rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì rọra gbé fóònù náà sún mọ́ ìyá rẹ̀ létí.